Orísun ìwádìí lítíréṣọ̀ Sànmánì Agbedeméjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà

Orísun ìwádìí lítíréṣọ̀ Sànmánì Agbedeméjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí a fi ń ṣe ìwádìí nípa ohun tí wọ́n kọ tàbí tí wọ́n sọ nípa agbègbè yìí láàárín nǹkan bí ọdún 800 sí 1500. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ṣómólú tàbí Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-ìkàwé ńlá tó sún mọ́ tòsí ni ti Yunifásítì ìlú Èkó ní Akoka, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962.

== Ìwé àfọwọ́kọ ==
Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Al-Bakri kọ̀wé nípa ìjọba Gánà àtijọ́ ní ọdún 1068, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ rí. Ẹnu àwọn arìnrìn-àjò àti oníṣòwò ló ti gbọ́. Ibn Battuta ní tirẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí Málì ní ọdún 1352 sí 1353. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àkójọ tí Nehemia Levtzion àti J.F.P. Hopkins ṣe ní ọdún 1981.

== Ọjọ́ orí iṣẹ́ ==
Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ kan, ọdún tí wọ́n dà á kọ àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ síra. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni Ta'rīkh al-Fattāsh, ìwé ìtàn ìjọba Songhay. Ìtẹ̀jáde Octave Houdas àti Maurice Delafosse ti ọdún 1913 pa ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tó yàtọ̀ síra pọ̀ mọ́ra. Ní ọdún 1971, Levtzion fi hàn pé àfikún ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà nínú ọ̀kan lára wọn, tí wọ́n fi sí i láti gbé ọlá Ahmad Lobbo, olórí Masina, ga. Mauro Nobili tún tú ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2020. Ẹni tó bá gbára lé ìtẹ̀jáde ọdún 1913 nìkan lè ka ọ̀rọ̀ òṣèlú ọ̀rúndún kọkàndínlógún sí ẹ̀rí ìgbà ayé Askia Muhammad.

== Ìtàn àtẹnudẹ́nu ==
Djibril Tamsir Niane tẹ ìtàn Sundiata jáde ní ọdún 1960 láti ẹnu arọ́kin Mandinka kan, Mamadou Kouyaté. Ibn Khaldun ti mẹ́nu ba ọba yìí, tó pè ní Mari Jata, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá; nípa bẹ́ẹ̀, a lè fi ọ̀kan yẹ èkejì wò.

A kò tíì rí ìwé kankan tí wọ́n kọ ní èdè Yorùbá ní sànmánì yìí. Ahmad Baba ará Timbuktu dárúkọ Yorùbá nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1615, ìyẹn lẹ́yìn tí sànmánì náà ti kọjá. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá lo ẹsẹ Ifá tàbí oríkì fi gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kì í, ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ àti ọdún tí wọ́n gbà á.

== Ibi tí a ti ń rí wọn ==
Ní ọdún 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀. Wọ́n máa ń ya àwòrán ìwé àfọwọ́kọ, wọn a sì dá ojúlówó padà fún ẹni tó ni ín. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, JSTOR àti African Journals Online ní ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ onímọ̀. Àwọn àpilẹ̀kọ tuntun ló sábà máa ń fi hàn bóyá wọ́n ti já ìtẹ̀jáde àtijọ́ kan ní koro.