Kí Iná Tó Lọ: Ìtàn Fèrèsé Ilé-Ìwòsàn

Bí a bá gbọ́ pé ilé kan kò ba àyíká jẹ́, ẹ̀rọ tó ń gba iná lára oòrùn àti ìwé ẹ̀rí orí ògiri ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí a bá tọ ìtàn náà dé gbòǹgbò, ní ti ilé-ìwòsàn, ọ̀rọ̀ fèrèsé ni a óò bá níbẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1854, Florence Nightingale dé ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Àìsàn ń pa wọ́n níbẹ̀ ju ọgbẹ́ ojú ogun lọ. Ẹ̀gbin dí ojú ìṣàn abẹ́ ilé, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1855, àwọn aṣojú ìjọba dé, wọ́n fọ ojú ìṣàn, wọ́n ṣí ojú afẹ́fẹ́, iye àwọn tó ń kú sì já wálẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ní 1859, Nightingale ní kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọ́ọ̀dù. Irú èyí ni wọ́n kọ́ sí St Thomas' ní London, tí wọ́n ṣí ní 1871.

Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù dé, ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Ilé jìn, fèrèsé di gíláàsì tí kì í ṣí. Ní 1990, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé òṣùwọ̀n BREEAM jáde, fún ilé ọ́fíìsì lákọ̀ọ́kọ́. Ní 2011, Amẹ́ríkà gbé LEED ti ilé-ìwòsàn jáde. Iná, omi, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ àti afẹ́fẹ́ inú ilé wà lára ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà kọjá máàkì. Ní 2006, ìròyìn jáde láti Tugela Ferry, ní Gúúsù Áfíríkà: nínú aláìsàn 53 tí ikọ́ ife wọn kò gbóògùn, 52 kú. Àwọn dókítà fura pé inú ilé-ìwòsàn ni àwọn kan ti kó o. Ní 2011, Rwanda ṣí ilé-ìwòsàn Butaro. Ìta gbangba ni ọ̀nà àbákọjá wà níbẹ̀, ibùsùn kọjú sí fèrèsé, òkúta àdúgbò ni wọ́n sì fi mọ ògiri rẹ̀.

Àwa tí a ti fi páálí fẹ́ ìyá wa ní wọ́ọ̀dù nígbà tí iná lọ, a mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n EDGE, tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà náà, ń béèrè pé kí ilé dín iná àti omi kù ní ìdá 20 nínú 100. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó fọwọ́ sí àwòrán ilé-ìwòsàn tuntun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n: bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, ṣé aláìsàn á rí afẹ́fẹ́ mí?