Òṣùwọ̀n Ọmọ Ọwọ́: Láti Orí Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Dé Orí Káàdì

Ní gbogbo àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹrúnmu ní Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, kò sí ìbéèrè tí abiyamọ tuntun ń gbọ́ tó ‘Ọmọ ń kọ́?’ Ìkíni ni, ṣùgbọ́n ìwádìí wà nínú rẹ̀. Ẹni tó béèrè yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, yóò gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni ń díwọ̀n iṣu lọ́jà. Bí ọmọ bá wúwo, àdúrà ló kù. Bí kò bá wúwo, olùbéèrè a dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá ní, ‘Ìyàwó, ṣé omi ọyàn rẹ ń tó o?’ Ìyàwó yóò ní, ‘Ó ń tó o, mà,’ ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Ìdààmú yìí ní ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìtàn náà ni pé apá kan nínú rẹ̀ kò ti ara ọmọ wá rárá; ara òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ ló ti wá.

Kí ìwọ̀n alágbékọ́ tó dé, ojú, ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni a fi ń wọn ọmọ. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a so mọ́ ìdí ìkókó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Nígbà tí okùn rẹ̀ bá ń fún ọmọ, ìyá àgbà yóò tú u, yóò fi okùn tó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, inú gbogbo ilé a sì dùn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń yọ̀ wálẹ̀, kò sí ẹni tí a ń sọ fún pé ọmọ ń rù. Ọgbọ́n gidi ni èyí, nítorí pé ara ọmọ náà ni a fi ń wọn ọmọ náà: ti oṣù yìí ni a ń fi wé ti oṣù tó kọjá. Kò sí ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ wọn ọmọ tirẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n àwọn baba wa kù sí ni àlàyé ohun tó fa rírù. Ìyá ni ẹ̀sùn sábà máa ń já lé lórí. Wọn a ní ọyàn rẹ̀ korò. Wọn a fún omi ọyàn náà síbi tí èèrà wà. Bí èèrà bá yà fún un, tàbí tí ó kú sínú rẹ̀, ìdájọ́ ti dé nìyẹn. (Bẹ́ẹ̀ ni omi lásán pàápàá a máa pa èèrà.) Ẹ̀sùn kejì tún burú jù ú lọ. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni ọmọ Yorùbá fi ń mu ọyàn láyé àtijọ́, ìyá kò sì gbọdọ̀ bá ọkọ lò pọ̀ ní gbogbo àkókò náà, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ a máa ba omi ọyàn jẹ́. John àti Pat Caldwell tẹ ìwádìí pàtàkì jáde lórí àṣà yìí ní 1977. A gbọ́dọ̀ gbà pé àṣà náà ṣe wá lóore, nítorí pé ó fi àyè sí àárín ọmọ kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n òun náà ló mú kí ọmọ tí kò sanra di ẹlẹ́rìí lòdì sí ìyá rẹ̀. Gbogbo agbo ilé ló ń wo obìnrin náà pé kò lè mú sùúrù.

Ìwòsàn tí a ń ṣe sì wá ń bu iyọ̀ sí egbò. Omi ni a kọ́kọ́ ń fún ọmọ, nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́; lẹ́yìn omi ni àgbo, lẹ́yìn àgbo ni ògì. Bí ọmọ bá kọ̀, a ó rọ ọ́. Ìyá àgbà a tẹ́ ẹ sórí itan, a ká ọwọ́ kan sí i lẹ́nu bí ife, a sì da ògì sínú ọwọ́ náà. Bí ọmọ bá fẹ́ mí, àfi kí ó gbé e mì. Derrick Jelliffe, oníṣègùn ọmọdé ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ lórí oúnjẹ ìkókó láàárín àwọn Yorùbá Ìbàdàn ní 1953. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa láti ìgbà náà wá kò lọ́jú pọ̀. Ikùn ọmọ ọwọ́ kéré. Omi àti ògì ṣíṣàn a kún un, agbára tí ń bẹ nínú wọn kò sì tó ti omi ọyàn. Ọmọ tó yó kò ní fa ọyàn dáadáa, ọyàn tí a kò fà kò sì ní sun mọ́, nítorí pé fífà ni ń mú un wá. Bí omi náà kò bá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀ lé e. Nípa báyìí, ìyá tí wọ́n ní ọyàn rẹ̀ kò tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí kò sí òótọ́ níbẹ̀, ọyàn rẹ̀ kò ní tó ní tòótọ́ kí oṣù méjì tó pé.

Ní 1956 ni oníṣègùn mìíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ló ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí a ń gbé wá sí ilé ìwòsàn ti rù tán kí a tó gbé wọn dé. Ó dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà fúnra wọn, ó sì gbé káàdì kan jáde tí a ń pè ní ọ̀nà ìlera. Oṣù ni a kọ sí ìsàlẹ̀ káàdì náà, kìlógíráàmù ni a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣooṣù ni a ó fi ààmì kan sí ibi tí ìwọ̀n ọmọ bọ́ sí, a ó sì fi ìlà so ààmì pọ̀ mọ́ ààmì. Àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé lè rí i pé ìlà ń gòkè, tàbí pé ó dúró, tàbí pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ṣe èéyi tàbí ikọ́ líle. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe inú dúrọ́wà ilé ìwòsàn. Ìdúró yìí wú mi lórí ju gbogbo ìyókù lọ: a fọkàn tán obìnrin oko pẹ̀lú ìwé ìlera ọmọ rẹ̀.

Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìlera ọmọdé jáde ní 1973. Nígbà tí UNICEF bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ńlá fún ìlera ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, wíwọn ọmọ wà lára òpó mẹ́rin tí ó gbé e lé, fífún ọmọ lọ́yàn sì jẹ́ òmíràn nínú wọn. Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, jẹ́ oníṣègùn ọmọdé fúnra rẹ̀. Ìlera alábọ́dé ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló fi iṣẹ́ rẹ̀ lé lórí. Báyìí ni ìwọ̀n alágbékọ́ àti káàdì ṣe di ohun tí a mọ̀ dáadáa ní àwọn abúlé wa.

Morley tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ìlà ọmọ kọrí sí ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ. Ọgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni, tí a kọ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn tún wà lórí káàdì, èyí tí a ti tẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a ń fi ìlà ọmọ wé. Àwọn ọmọ ta ni a wọ̀n kí a tó rí ìlà yẹn fà? Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún gbogbo ayé ní òpin ọdún 1970 sí 1979, Amẹ́ríkà ló ti wá. Apá ti ọmọ ọwọ́ nínú rẹ̀, Yellow Springs ní ìpínlẹ̀ Ohio ni a ti kó o jọ, láàárín 1929 sí 1975. Ọmọ òyìnbó ni wọ́n, ìgò ni púpọ̀ nínú wọn sì fi mu mílíìkì.

Ìdàgbà ọmọ tó ń mu ọyàn nìkan kò bá ti ọmọ onígò dọ́gba. Ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ó a máa yára tóbi. Lẹ́yìn oṣù kẹta, eré rẹ̀ a dínkù díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí ìlà àwọn ọmọ Ohio, yóò dà bíi pé ó ń ṣubú. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún abiyamọ kan ní Àkànrán. Ó gba ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì, ó kọ etí dídi sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ rọ ọmọ ní ògì. Oṣù kẹrin dé, nọ́ọ̀sì kan náà wo káàdì, ó mi orí, ó ní ọmọ kò ṣe dáadáa mọ́, kí ó máa fún un ní nǹkan kún ọyàn. Ìyá ọkọ jàre lórí àṣìṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn tó ń ta mílíìkì alágolo kò sùn ní gbogbo ìgbà yìí. Jelliffe tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló fún irú àìjẹunkánú tí ọjà títà ń fà lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tó de ìpolówó mílíìkì ìkókó. Orílẹ̀-èdè 118 gbà, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò kọ̀. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin pẹ̀lú Dìkírì 41 ti ọdún 1990. Nígbà náà, àtúntò ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ti sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, agolo mílíìkì sì ti kọjá agbára àgbẹ̀. Ẹni tó bá rà á, ṣe ni yóò máa là á pẹ̀lú omi púpọ̀ kí ó lè pẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìlà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní tòótọ́.

Ó tó 2006 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó pààrọ̀ òṣùwọ̀n náà. Láàárín 1997 sí 2003, wọ́n wọn ọmọ bí 8,500 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Brazil, Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí a tẹ̀ lé láti ọjọ́ ìbí wọn ni ọmọ tó ń mu ọyàn, tí ìyá wọn kì í mu sìgá, tí ilé wọn kò sì sí nínú òṣì. Ti Gánà, Accra ni a ti wọ̀n wọ́n, kò sì jìnnà sí wa. A rí i pé bí a bá tọ́jú wọn bákan náà, ìdàgbà wọn jọra, ì báà jẹ́ Accra tàbí Oslo. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tuntun yìí, ọmọkùnrin tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 3.3 nígbà tí a bí i, 6.4 ní oṣù mẹ́ta, 7.9 ní oṣù mẹ́fà, 9.6 ní ọdún kan. Ti ọmọbìnrin jẹ́ 3.2, 5.8, 7.3 àti 8.9. Ẹ wò ó bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe fi kìlógíráàmù 3.1 kún ọmọkùnrin, tí oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì fi 1.5 péré kún un. Ìdínkù tí à ń bẹ̀rù ló wà níbẹ̀ yẹn, lára ọmọ tí ara rẹ̀ le.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ tó ń rù sílé o. Gbogbo ìkókó ló ń fọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ti padà sí ìwọ̀n ìbí rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí kò bá padà, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tàbí tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ tí kò sì lè fa ọyàn, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹnu rẹ̀ ṣe di ọyàn mú ni kò dára, tàbí kí àìsàn kan máa bá a jà lábẹ́lẹ̀. Èèrà kò lè sọ èyí fún wa, ìlà Ohio náà kò sì sọ ọ́ dáadáa.

Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti iye ènìyàn ní Nàìjíríà fi hàn pé ìpín 17 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọyàn nìkan ní 2013. Ní 2018, ó di 29. Omi ló ṣì ń ba púpọ̀ nínú ìyókù jẹ́. Ìyá nìkan ni nọ́ọ̀sì sì ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ tó wà nílé pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ìyàwó lọ yan gaàrí ni ife omi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.