Omi Tó Mọ́ Gaara Lè Pa Ẹja: Bí A Ṣe Ń Sẹ́ Omi Táǹkì Ẹja Àrọ̀ Nínú Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi ò lọ́tá. Àmọ́ ẹni tó bá ń sin ẹja nínú táǹkì kékeré mọ̀ pé omi ẹja ní ọ̀tá, ọ̀tá tí a kò lè fojú rí sì ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùnlé ló ti jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá òkú ẹja lójú omi, omi náà sì mọ́ débi pé wọ́n ń rí ìsàlẹ̀ táǹkì. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, tàbí pé ẹni tó ta ọmọ ẹja fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi yẹn gan-an ló pa ẹja wọn.

Àlàyé tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tí ẹja ń gbé, iṣẹ́ tí asẹ́ ń ṣe, bí ènìyàn ṣe lè to asẹ́ tí kò wọ́n, àti àwọn àṣìṣe tó ń sọ owó ọlọ́wọ́ di òfo.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ asẹ́ fi kàn wá

Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú náà, àti Ọ̀sì, àti Ìlọ́fà, gbogbo wọn ló jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, ẹja àrọ̀ ló sábà máa ń mú. Nàìjíríà náà ló ń sin ẹja àrọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹja àrọ̀ le lára. Ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ tààrà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń gun òkè omi wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé kò sí irú omi tí kò lè gbé. Àṣìṣe ni. Afẹ́fẹ́ lè má jẹ́ ìṣòro rẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé inú omi kò yọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ni pé kí wọ́n da omi nù ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra, kí wọ́n sì pọn tuntun sí i. Èyí dára nígbà òjò. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí kànga bá lọ sílẹ̀ tí ìdílé sì ń wá omi tí wọn yóò mu, tí wọn yóò fi dáná, tí wọn yóò fi ṣe àlùwàlá, ta ni yóò máa da lítà 1,000 nù nítorí ẹja? Ibẹ̀ ni asẹ́ ti wúlò: omi kan náà ni ẹ ó máa lò, díẹ̀ ni ẹ ó sì máa pààrọ̀.

Májèlé tí kò ní àwọ̀

Gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá da fún ẹja, inú omi ló ń padà sí. Purotéènì inú oúnjẹ náà ló ń di amóníà, èyí tí ẹja ń tú jáde nígbà tó bá ń mí, tí oúnjẹ tó ṣẹ́kù sì ń tú jáde nígbà tó bá ń jẹrà. Òórùn tó ń ta sí wa nímú ní ilé adìẹ tí a kò gbá, amóníà ni. Kílò 1 oúnjẹ ẹja tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún lè mú nǹkan bíi gíráàmù 37 nitrogen ti amóníà wọ inú omi. Kò ní àwọ̀, kì í sì í ba omi jẹ́ lójú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹja níbi tó fi ń mí. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, tí kò sì kan, bẹ́ẹ̀ náà ni oró amóníà ń le sí i.

Ọlọ́hun tó dá ẹja dá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí yìí pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ kan nínú wọn ń sọ amóníà di nitrite. Nitrite náà ṣì ní oró: ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́. Ẹgbẹ́ kejì ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí oró rẹ̀ kéré gan-an, tí ó sì jẹ́ oúnjẹ fún ewéko. Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Zurich, ló ya àwọn kòkòrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní 1890. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Òun ló ń jẹ́ kí odò máa gbé ẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí asẹ́ ń ṣe

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkó ìdọ̀tí tó hàn sójú: ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ẹrẹ̀. Fóòmù, àwọ̀n tàbí iyanrìn lè ṣe èyí. Òun ló ń jẹ́ kí omi mọ́ lójú.

Iṣẹ́ kejì ni fífún àwọn kòkòrò tó ń jẹ amóníà nílé. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọn kì í sábà léfòó lójú omi. Nítorí náà, nǹkan tí ojú rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fẹ́: òkúta wẹ́wẹ́, àwọ̀n tí a gé, ìdérí ìgò ọ̀rá. Òun ló ń jẹ́ kí omi dára. Tí ènìyàn bá ní owó fún iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni kó ṣe.

Iṣẹ́ kẹta ni fífa àwọ̀ àti òórùn kúrò nínú omi. Èédú àkànṣe tí wọ́n ń tà fún sísẹ́ omi ló ń ṣe é. Kì í ṣe dandan fún ẹja àrọ̀, ó sì ń kún tó bá pẹ́.

Bí a ṣe lè to asẹ́ fún táǹkì lítà 1,000

1. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù ọ̀rá lítà 200 kan àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Kí wọ́n má jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi gbé oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà rí.
2. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sí ibi tó ga ju ojú omi táǹkì lọ, kí omi lè fúnra rẹ̀ ṣàn padà.
3. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi sí ìsàlẹ̀ táǹkì, níbi tí ìdọ̀tí ń kó jọ sí. Ó yẹ kó lè yí omi táǹkì po lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ní wákàtí kan.
4. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi fóòmù sí ni kí omi kọ́kọ́ dé, kí ìdọ̀tí lè dúró síbẹ̀.
5. Láti ibẹ̀ ni kó ti ṣàn wọ dúrọ́ọ̀mù tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ dáadáa, tàbí ìdérí ìgò. Ìsàlẹ̀ ni kó gbà wọlé, òkè ni kó gbà jáde.
6. Kí omi tó ń padà sí táǹkì já láti òkè bí òjò, kó lè gbé afẹ́fẹ́ dání.
7. Ẹ so ìkarahun ìgbín díẹ̀ tí ẹ ti fọ̀ mọ́ inú asẹ́. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò wa máa ń jẹ́ kí omi kan díẹ̀díẹ̀. Ẹfun inú ìkarahun ló ń dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Wọ́n á to asẹ́ lónìí, wọ́n á sì da ọgọ́rùn-ún ẹja sí i lọ́la. Asẹ́ tuntun kò tíì ní ẹ̀mí nínú. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò tó pọ̀ tó, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́ tí omi bá tutù. Ẹja díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, kí oúnjẹ wọn mọ níwọ̀n, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá mọ ẹni tí asẹ́ rẹ̀ ti dàgbà, tí ẹja rẹ̀ sì ní ìlera, ẹ tọrọ òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi gbin tiyín. Ó dà bí ẹni tó tọrọ ìwúkàrà.

Àwọn àṣìṣe tó ń pa ẹja

*Fífi omi ẹ̀rọ fọ asẹ́.* Kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ yóò pa àwọn kòkòrò tí ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sìn. Omi tí ẹ bá bù nínú táǹkì ni kí ẹ fi ṣan fóòmù. Ẹ má fọ gbogbo asẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

*Dída omi sí i lójú ẹsẹ̀.* Ẹ jẹ́ kí omi tó ní kílórínì wà ní gbangba fún wákàtí 24. Omi inú kànga jíjìn kì í sábà ní afẹ́fẹ́ tó, ẹ dà á láti òkè tàbí kí ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó lò ó.

*Fífi álọ́ọ̀mù sí i.* Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, ìyá wa lò ó fún omi ìkòkò. Ṣùgbọ́n ó ń sọ omi di kíkan, kì í sì í mú amóníà kúrò. Omi á mọ́, ẹja á kú.

*Oúnjẹ àpọ̀jù.* Èyí tí ẹja kò bá jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, májèlé ni.

*Pípa asẹ́ lálẹ́.* Àwọn kòkòrò wa ń mí afẹ́fẹ́. Tí iná mànàmáná bá lọ tí omi sì dúró, wákàtí díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì tàbí oòrùn, tàbí kí ẹ máa fi ìgbá bu omi dà sí asẹ́ títí iná yóò fi dé. Tó bá pẹ́ kí iná tó dé, ẹ da omi tó dúró nínú dúrọ́ọ̀mù nù kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Tí wàhálà bá ti dé

Ẹ máa wo ẹja yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá kọ oúnjẹ, tí gbogbo wọn fi orí sókè lójú omi tí wọn kò sì rìn padà sísàlẹ̀, ẹ má dúró. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà pẹ̀lú omi tó ti wà ní gbangba, tí kò tutù ju ti inú táǹkì lọ. Tí ibi tí ẹja fi ń mí bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, nitrite ni. Iyọ̀ kílò 1 nínú lítà 1,000 yóò dín bó ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ wọn kù. Àwọn tó ń ta nǹkan ẹja tún ní ohun èlò tí a fi ń yẹ amóníà àti nitrite wò. Kò wọ́n tó táǹkì ẹja kan tó kú.

Ní ti omi tí ẹ bá bù kúrò, ẹ má dà á sí gọ́tà. Nitrate inú rẹ̀ dára fún ẹ̀fọ́, tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹja omi iyọ̀ nínú pálọ̀

Àwọn kan ń béèrè nípa ẹja òkun aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń fi sínú àpótí gíláàsì. Ní 1853 ni ọgbà ẹranko ìlú London bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja òkun han ará ìlú. Òfin kan náà ló ń tẹ̀ lé, àfi pé tirẹ̀ le jù. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan, nítorí náà àpótí lítà 60 ń fẹ́ kílò 2 ó lé díẹ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀; iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun ni, nítorí ó ní àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú òkun. Òkúta oníhò ni ilé àwọn kòkòrò níbẹ̀, ẹ̀rọ kan sì ń fi fóòfó afẹ́fẹ́ kó ìdọ̀tí ọlọ́ràá jáde. Tí omi bá fà nígbà ọyẹ́, omi lásán ni kí ẹ fi dí i, nítorí iyọ̀ kì í bá omi fà. Bí àpótí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe kékeré ṣe ń pa ẹja inú rẹ̀ kíá. Ẹni tí kò bá tíì lè sin ẹja àrọ̀ láìkú, kó má tíì ra ẹja òkun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè kàn sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja ti ìjọba àpapọ̀, NIFFR, ní New Bussa, ìlú tó wà lábẹ́ Kwara títí di 1991 kó tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger. Ní ti àwa tó wà nílé, ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ẹja nìkan là ń sìn. Omi là ń sìn, omi ló ń bá wa sin ẹja. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.