Ìperí Yorùbá fún Ìbalẹ̀ Aládàáṣe Ọkọ̀ Òfurufú

Ìbalẹ̀ aládàáṣe ni kí ẹ̀rọ mú ọkọ̀ òfurufú sọ̀kalẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, kí awakọ̀ kàn máa ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 1965, ẹ̀rọ ló mú ọkọ̀ Trident ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú BEA kanlẹ̀ ní Heathrow, ní London, pẹ̀lú èrò nínú.

Ìperí méjì ló kọ́kọ́ yẹ ní yíyà sọ́tọ̀. Ìmọ̀nà ni kí ọkọ̀ mọ ibi tó wà àti ibi tó ń lọ. Ìtọ́sọ́nà ni kí a máa dá a padà sójú ipa nígbà tó bá fẹ́ yà kúrò.

Ẹ̀rọ méjì nílẹ̀ ló ń fọ́n ìgbì rédíò fún ìtọ́sọ́nà yìí. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní localizer wà ní ìkángun ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ lọ́hùn-ún. Atọ́ka àárín ni orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ohùn méjì ló wà nínú ìgbì rẹ̀, 90 Hz àti 150 Hz. Bí 90 bá borí, ọkọ̀ ti ya sósì. Bí 150 bá borí, ó ti ya sọ́tùn-ún. Bí wọ́n bá dọ́gba, àárín gan-an ló wà. Ẹ̀rọ kejì ń fi ipa ìsọ̀kalẹ̀ hàn, èyí tó sábà máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní dígírì 3.

Ibi tí iṣẹ́ ìperí ti le ni gíga. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún gíga sí ilẹ̀, ó ní òmíràn fún gíga sí òkun. Gíga náà ni Yorùbá ń pe méjèèjì. Ní Èkó, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ní Jos, tó fi ohun tó ju mítà 1,200 ga ju òkun lọ, bí òṣùwọ̀n gíga sí òkun bá ń ka mítà 1,300, ilẹ̀ ti súnmọ́ tòsí gan-an. Nítorí náà, gíga-sí-òkun ni ká pe èyí tí ẹ̀rọ ń fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ mọ̀, ká sì pe èyí tó ń mọ̀ nípa jíju ìgbì rédíò sílẹ̀ àti kíka àkókò tó fi padà, ní gíga-sí-ilẹ̀. Gíga ìpinnu, níbi tí awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀nà tàbí kó tún gbéra, kì í dín ní mítà 60 sí ilẹ̀ ní ìpele kìíní nínú àwọn ìpele ìbalẹ̀ tí ìgbì rédíò ń tọ́.

Nígbà tó bá ku nǹkan bíi mítà 15, ẹ̀rọ á gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí ó lè rọra kanlẹ̀. Flare ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ẹni tó bá lọ tú u láti inú ìwé atúmọ̀ lásán yóò kọ iná síbẹ̀. Ìgbémúsókè ló sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Rédíò, dígírì àti mítà kò nílò orúkọ mìíràn, wọ́n ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ tó bá kọ gíga láìsọ gíga sí ibo, kò tíì yẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.