Ẹ̀TẸ̀ ÀTI ÌFARAPAMỌ́

Kò yẹ kí àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún wa kọjá láìrántí àwọn tí ẹ̀rù ẹ̀tẹ̀ lé kúrò láwùjọ. Àwọn baba wa kà á sí ègún ìdílé, bí ti Gehasi. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù pàápàá rò pé àjogúnbá ni, títí Gerhard Armauer Hansen fi rí kòkòrò rẹ̀ ní Bergen, ní ilẹ̀ Nọ́wè, ní ọdún 1873.

Láti imú àti ẹnu aláìsàn tí kò tíì gba ìtọ́jú ni ó ti ń ràn. Àwọn tí wọ́n bá a gbé pẹ́ nínú ilé kan, pàápàá níbi tí èrò há mọ́ra tí oúnjẹ kò sì tó, ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù. Jíjùmọ̀ jókòó kì í ràn án.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé a ó lé òun sí igbó a máa fi àbàwọ́n ara rẹ̀ pamọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá a sùn ní yàrá kan a sì kó o. Nípa báyìí, ìbẹ̀rù wa ni ó ran àrùn náà lọ́wọ́.

Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tí ń wò ó sàn. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, kì í ran ẹlòmíràn mọ́. Olúwa wa kò kọ̀ láti fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀; ǹjẹ́ kí àwa má ṣe dù ú ní ìjókòó nínú ilé Rẹ̀.