Ọmọlójú Kámẹ́rà Nínú Òjò Dídì

Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ fọ́tò ní New York nígbà òtútù yóò kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ méjì tó ń dupò pàdé: yìnyín àti òjò dídì. Lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń gbé ibẹ̀, “sínóò” ló wọ́pọ̀ jù, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò lè tó ayàwòrán. Ní Central Park, ohun tó ń já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí ẹ̀ka igi yàtọ̀ sí èyí tó dì gbagidi lójú adágún lábẹ́ afárá irin tí wọ́n ń pè ní Bow Bridge. Ti àkọ́kọ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ìkejì ń kọ mànà síni lójú. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí: òjò dídì fún èyí tó rọ̀, yìnyín fún èyí tó le.

Ọgbà náà ńkọ́? Ẹ má pè é ní páàkì, nítorí ibi tí ọkọ̀ ti ń kérò ni páàkì létí ará Ìbàdàn. Ọgbà ìgbafẹ́ ni. Olmsted àti Vaux ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1858, ó sì fẹ̀ tó 843 ékà.

Inú kámẹ́rà gan-an ni iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì a máa fẹ̀, a sì máa sún kì, bí ọmọlójú èèyàn ti ń ṣe nínú òkùnkùn àti nínú oòrùn. Ọmọlójú ni kí á pè é. Ohun tó ń ṣí tó sì ń padé lẹ́yìn rẹ̀, ìpéǹpéjú ni. Ìwọ̀n àkókò tí ìpéǹpéjú yìí fi ń ṣí sílẹ̀ kò sì ṣòro láti dárúkọ, nítorí inú ṣíṣẹ́jú ni ìṣẹ́jú ti wá, ìṣẹ́jú àáyá sì tún yára jù ú lọ. Bí òjò dídì bá ń já bọ́, fún ìpéǹpéjú ní ìdá 30 ìṣẹ́jú àáyá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fa ìlà funfun sílẹ̀. Fún un ní ìdá 500, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ lójú òfuurufú, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà wọ́n.

Òjò dídì a máa tan kámẹ́rà jẹ. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Òjò dídì tuntun sì ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà á padà. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ọgbà tó funfun báláú á wá jáde ní àwọ̀ eérú. Àfikún ìmọ́lẹ̀ ni oògùn rẹ̀. +1 àti +2 tó wà lára kámẹ́rà kò là á yé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bí a bá pe +1 ní ìlọ́po méjì, tí a pe +2 ní ìlọ́po mẹ́rin, ó ti mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń bù sí i. Lábẹ́ oòrùn, àárín méjèèjì ni mo máa ń wà. Bí o bá kọjá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ ojú àwòrán, ipasẹ̀ ẹyẹ tó wà nílẹ̀ á sì pòórá.

Ẹ tún wo òjìji àwọn igi tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní The Mall. Dúdú ni ẹnu wa á pè é, àmọ́ aró ló hàn nínú fọ́tò, torí oòrùn kò dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń bà á. Mo yan àyìnrín fún un, orúkọ tí a ti ní fún aró fẹ́ẹ́rẹ́.

Bí o bá ń ti inú òtútù wọlé, di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí o tó ṣílẹ̀kùn, kí lẹ́ńsì má baà làágùn.

Ìgbà ìrúwé kò fi bẹ́ẹ̀ le, àgbẹ̀ ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lórúkọ: igi rudi, ó rúwé, ó tanná. Kí ayàwòrán má ṣe pò wọ́n pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Igi ṣẹ́rì Yoshino tó wà létí adágún Reservoir a máa tanná kó tó rúwé dáadáa. Òdòdó crocus ti máa ń ṣáájú rẹ̀ yọrí, nígbà mìíràn láàárín òjò dídì tó ṣẹ́ kù. Dọ̀bálẹ̀ tì í, ṣí ọmọlójú gbòòrò, sí f/2.8, kí òdòdó hàn kedere, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì di bàìbàì. Fún bàìbàì yìí, mi ò rí ìdí tí a ó fi wá orúkọ mìíràn.