Àwọn agbábọ́ọ̀lù Saint Finbarr's College, Akoka

Saint Finbarr's College jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọkùnrin ní Akoka, Yábàá, ní ìlú Èkó. Àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Ireland, Denis Slattery, tó tún jẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹ̀kọ́, bọ́ọ̀lù àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde jù, pàápàá nínú ìdíje Principals' Cup.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé kò dà bíi ti kílọ́ọ̀bù. Kò lè ra ẹlẹ́sẹ̀ ayò, kò sì lè dá ẹni tó ti jáde ìwé mẹ́wàá dúró. Nítorí náà, ọwọ́ ọmọ díẹ̀ ni àṣeyọrí sáà kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Lára irú wọn ní àwọn ọdún 1970 ni Stephen Keshi, tó ń gbá ẹ̀yìn, àti Henry Nwosu, ọ̀jáfáfá ọwọ́ àárín.

Ní ọdún 1980, Nàìjíríà na Algeria ní àmì ayò 3–0 ní Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè, ó sì gba Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ ọdún 16 péré ni Nwosu nínú ikọ̀ náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé. Keshi ni balógun ikọ̀ tó gba ife yìí ní 1994; ní 2013, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Keshi kú ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà, 2016.